Ẹnjinníà Ojú Ọ̀nà àti Ògiri Tó Ń Di Ilẹ̀ Mú

Ilẹ̀ tó wà láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kì í ṣe oríṣi kan, ìyàtọ̀ inú rẹ̀ ló sì ń sọ irú ògiri tó yẹ ẹ̀gbẹ́ títì. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè jókòó lé àpáta líle tí yangí àti amọ̀ pupa bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ Abígí àti Ìwópin ní Ògùn Waterside, yanrìn àti àbàtà ló ń bá pàdé. Ẹni tí ìpinnu irú ògiri tó yẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹnjinníà ojú ọ̀nà, ipò kan tí aráàlú kì í sábà rántí àfi bí ọ̀nà bá ya.

Àjọ COREN, tí òfin ìjọba ológun ọdún 1970 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà fúnra wọn pín sí ti ìjọba àpapọ̀, tí àjọ FERMA ń tún ṣe, ti ìpínlẹ̀, àti ti ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá wó sójú títì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìjọba tó ni ọ̀nà náà kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì, òjò kì í sì í dúró de fáìlì.

Ilẹ̀ tí wọ́n gé láti la títì kọjá máa ń fẹ́ wó síwájú, ìwúwo rẹ̀ a sì máa ti ohunkóhun tí wọ́n bá fi dè é lọ́nà. Charles-Augustin de Coulomb, ẹnjinníà ará Faransé, ti fi ìṣirò hàn ní 1776 bí agbára náà ṣe tó. Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá ògiri jù lọ, nítorí amọ̀ tó mu omi yó a máa wúwo, a sì máa yọ̀, omi tó há sẹ́yìn ògiri á sì tún máa ti tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri kọnkéré, tí wọ́n sì ń ki páìpù kéékèèké bọ inú rẹ̀ kí omi lè máa sun jáde. Èyí tí kò bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó nípọn tó, ó ti di ìsédò tí ẹnikẹ́ni kò yàwòrán rẹ̀.

Àpótí wáyà tí a rọ òkúta kún, tí àwọn ẹnjinníà ń pè ní gabion, kò ní ìṣòro yìí, torí pé omi ń gba àárín òkúta rẹ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ Maccaferri ti Ítálì ló sọ ọ́ di iṣẹ́ òde òní ní nǹkan bí ọdún 1894, lórí odò Reno. Àpótí náà sábà máa ń gùn ní mítà 2, kó sì ga ní mítà 1; òkúta rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju ojú wáyà lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń to èyí tó kọjú síta. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á fi wáyà so iwájú mọ́ ẹ̀yìn kó má baà yọ ikùn. Ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, òkúta kò jìnnà. Ní Ògùn Waterside, ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ rù ú dé, síbẹ̀ ó yẹ ilẹ̀ rírọ̀ ibẹ̀, nítorí ó lè tẹ̀ díẹ̀ láì fọ́, bí wọ́n bá ṣáà ti fi rọ́bà bo wáyà kí ìpẹtà má jẹ ẹ́. Ọgbọ́n tí Henri Vidal, ará Faransé mìíràn, dá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yàtọ̀: wọ́n ń tẹ́ irin pẹlẹbẹ sáàárín ìpele yanrìn, kí yanrìn lè di irin mú, kí irin náà sì di yanrìn mú. Amọ̀ tó ń mu omi kò bá a lára mu.

Ní ti àpáta tó ń já lulẹ̀, Arthur Ritchie, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, yí òkúta láti orí òkè ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Bí òkè bá ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó ló ń pinnu bóyá òkúta á yí, á ta, tàbí á já bọ́ gbọnrangandan, kòtò tí wọ́n bá sì gbẹ́ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ lè gbà á kó tó dé ojú títì. Àwọ̀n irin àti irin gígùn tí wọ́n ń gbá wọnú àpáta yẹ ọ̀nà orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì jù. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí òkè kò ga tó bẹ́ẹ̀, kòtò tó mọ́ ló wúlò jù.

Kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ògiri tó ń di ilẹ̀ mú má ṣe fi ìdọ̀tí dí ihò rẹ̀, kí wọ́n má sì wa yẹ̀pẹ̀ nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tó ń yọ ikùn tàbí tó ń sán, kí wọ́n fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí kí òjò tó dé.