Ọkọ̀ Oníná ní Pápákọ̀ Òfurufú: Kí Ẹ Tó Fi Í Sílẹ̀ Lọ Sílé

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé a máa palẹ̀ mọ́ fún ìrìn-àjò ọdún. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni yóò kó tọmọtọmọ tẹrùtẹrù dé Heathrow tàbí Gatwick, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ elépo kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ oníná, èyí tí bátìrì nìkan ń gbé rìn, ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀: ṣé iná yóò ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà àbọ̀?

Yóò wà, bí ẹni náà bá mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ìwé ìlò ọkọ̀ Tesla sọ pé bátìrì ọkọ̀ tó dúró lásán lè pàdánù nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, ẹni tó fi í sílẹ̀ ní ìdá 70 yóò bá nǹkan bí ìdá 50 níbẹ̀. Láti Gatwick dé Peckham kò sì tó máìlì 30. Ọ̀tọ̀ ni ti kámẹ́rà aṣọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sentry Mode. Kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sùn, iná tó ń jẹ lóòjọ́ sì ju èyí lọ fíìfíì. Ẹ pa á. Ẹ má sì jókòó sí Ìbàdàn kí ẹ máa fi fóònù yẹ ọkọ̀ wò ní wákàtí wákàtí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ ń jí i lójú oorun.

Ṣé kí a wá ṣáájì rẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ kí bátìrì kún bámúbámú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ bátìrì lithium kò fẹ́ wà ní kíkún fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yára fúnni níná kò sì wúlò fún ẹni tí kò ní padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán bíi ti inú ilé, tó ń fúnni ní nǹkan bíi kìlówáàtì 2.3, lè kún bátìrì ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé bí iná bá kún tán, ọkọ̀ ṣì wà lójú kan náà. Olówó rẹ̀ wà níbi ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú, ẹlòmíràn tí iná ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ tán ń wo wáyà láìrí i lò. Lójú tèmi, sọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó pọ̀ ló yẹ ibi ìgbọ́kọ̀sí ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá mélòó kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa kọ́kọ́rọ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá wọn yóò bá yín fi iná sí i, kí wọ́n tún gbé e kúrò níbẹ̀, àti iye tí wọn yóò gbà.

Ọkọ̀ òfurufú alẹ́ láti Èkó sábà máa ń balẹ̀ ní ìdájí. Òtútù oṣù Kìíní a máa dín ọ̀nà tí bátìrì lè rìn kù, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru a sì tún jẹ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi bí ọkọ̀ yín ṣe ń rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣírò ọ̀nà ilé. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, ibùdó iná Gridserve wà nítòsí gbọ̀ngàn gúúsù ní Gatwick. Ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀ lè má tilẹ̀ jí.