Ibi Tó Yẹ Kí Ráútà Jókòó Sí Nínú Ilé Ọ̀fà

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní Ọ̀fà yóò rántí ẹ̀ríà tẹlifíṣọ̀n tí a máa ń so mọ́ orí ọparun. Ẹnì kan á wà níta, á máa yí ọparun náà díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì á wà nídìí àwòrán, á máa pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Kò tíì mú! Dá a padà díẹ̀! Ó ti mú, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Nílé tiwa, èmi ni mo máa ń di ọparun mú, bàbá mi ni wọ́n máa ń jókòó ti àwòrán. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni Wáìfáì ṣì ń fẹ́ lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ wa ni kì í sì í ṣe é mọ́. A ó ra ráútà, a ó wá ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà, a ó gbé e síbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá wá ń ṣe ségesège, a ó ní dátà ni kò dára.

Ráútà onísíìmù ló wọ́pọ̀ nínú ilé wa, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Ó ń gba 4G láti orí máàsì níta, ó sì ń pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà nínú ilé. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kí á gbé ráútà sí àárín gbùngbùn ilé. Ibi tí wáyà bá ti gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ni ìyẹn ti dára. Bí ẹ bá gbé ráútà onísíìmù sí àárín ilé, ògiri méjì tàbí mẹ́ta ni yóò dúró láàárín òun àti máàsì, ohun tí kò bá sì rí gbà, kò lè pín in fún ẹnikẹ́ni.

Máàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nígbà náà. Ẹ jáde síta, ẹ wo ibi tí èyí tó sún mọ́ yín wà, kí ẹ sì mọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí i. Ẹ gbé ráútà sójú fèrèsé yẹn, kí ẹ wá fi fóònù ṣí ojú ìwé rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá òǹkà tí wọ́n ń pè ní RSRP, èyí tó ń sọ bí agbára tó ń wọlé láti orí máàsì ṣe tó. Bí ó bá wà ní àyíká -80 sí -90, ó dára. Bí ó bá ti lọ sí -110, ẹ wá fèrèsé mìíràn. Òǹkà yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: láti -80 sí -90, agbára tó ń wọlé ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó bá dé -100, ó ti di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti rí i tí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré yí ọ̀rọ̀ padà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ pípín nínú ilé tó kàn. Wáìfáì 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá. 5 GHz yára jù ú lọ, àmọ́ ògiri bulọ́ọ̀kù oníínṣì 9 tètè máa ń dá a dúró. Ògiri amọ̀ àwọn agbo ilé àtijọ́ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òjò bá sì rin ín, ìṣòro ń pọ̀ sí i, nítorí pé omi máa ń mu ìgbì Wáìfáì. Irin ní tirẹ̀ ń dá a padà ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ráútà sẹ́yìn fíríìjì, sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, sínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jígí ńlá. Ẹni tó ń tajà nínú kọ̀ǹtánà onírin ní ọjà Owódé gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ gbé ráútà ga, bíi ìwọ̀n àyà ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ní ẹ̀ríà, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán, torí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ríà ni ìgbì ń gbà jáde, kì í gba ṣóńṣó rẹ̀. Nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ dá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ríà náà dùbúlẹ̀ kí àwọn tó wà lókè náà lè rí i gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àyíká Pólì (Polytechnic) ìjọba àpapọ̀ ní ìṣòro mìíràn: ráútà àti họ́tísípọ́ọ̀tì pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn lórí 2.4 GHz. Nínú yàrá kékeré, 5 GHz ni kí wọ́n lò.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì onísátẹ́láìtì tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, rọrùn ní ti ibi tí a ó gbé ráútà sí. Abọ́ rẹ̀ ń wojú ọ̀run níta, ráútà rẹ̀ sì lè jókòó sí àárín ilé; igi máńgòrò nìkan ni kó má ṣe bo abọ́ náà. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ó lè já fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Lákòókò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu eruku ojú ihò ráútà. Ní oṣù kẹta, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páánù tí kò ní síìlìn, torí pé 40°C ni òpin ooru tí ọ̀pọ̀ ráútà lè fara dà. Tí ààrá bá ń sán ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Nígbà tí ewé bá sì kún, tó tutù fún òjò láàárín ilé àti máàsì, ẹ tún òǹkà náà wò, ó lè ti lọ sílẹ̀.

Ẹ fi bírò kọ òǹkà tó dára jù lọ àti fèrèsé tí ẹ ti rí i sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ráútà, kí ẹni tó bá gbé e nítorí àtigbálẹ̀ lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí.