Àká Ìsọfúnni Níbi Ìdarí Ẹ̀rọ Ńlá

Nínú ètò wa ti òní, ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, àti pé ọ̀rọ̀ èdè pàápàá wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè wa nìyí: níbi tí ẹ̀rọ ńláńlá gbé ń ṣiṣẹ́, yálà ní ilé-iṣẹ́ omi, ní ilé ìfọpo tàbí ní ibùdó iná mànàmáná, báwo ni a ṣe ń to ìsọfúnni jọ, tí ẹni tí ó jókòó sídìí ìdarí fi ń mọ ohun tí ó ń lọ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun?

Ìṣẹ̀rí-Olófin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo ti ń bọ̀ lónìí, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti mú àpẹẹrẹ mi àkọ́kọ́. Àwọn àgbà Àwórì a máa pìtàn pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminíre ń wá ibùdó, àwo ni ó gbé sójú omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá dúró sí, wọn a dúró. Ibi tí àwo sì rì sí ni wọ́n fi ṣe ibùgbé. Àwo rì, ni wọ́n ní ó di Àwórì. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú onímọ̀ ẹ̀rọ wo àwo yìí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́: ó léfòó tàbí ó rì. Ẹnì kan lè máa wò ó, kí ó má sì gbàgbé ohun tí ó rí. Bí àwo náà bá di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ńkọ́, tí wọ́n wà káàkiri ilẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jíṣẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì? Ojú ènìyàn kò ká a mọ́. Ibẹ̀ ni àká ìsọfúnni ti wọ ọ̀rọ̀.

Mo pè é ní àká pẹ̀lú ìdí. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í da gbogbo ìkórè pọ̀ sójú kan. Ohun tí a ó jẹ lónìí wà nítòsí ọwọ́. Èyí tí a ó tà wà nínú àká. Irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ sì wà lókè àjà, níbi tí èéfín yóò ti lé kòkòrò fún un. Bí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi oúnjẹ ṣe ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a kó o sí yàtọ̀. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú ọgbà tí mo ń gbé, a ní kànga ẹ̀rọ kan tí ń fa omi sí táńkì lórí òpó irin. Nínú táńkì náà ni ohun kan wà tí ń léfòó: bí omi bá lọ sílẹ̀, yóò tan ẹ̀rọ, bí omi bá kún, yóò pa á. Ìdarí ni èyí, ṣùgbọ́n ìdarí tí kò ní iyè nínú ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan omi tán pátápátá. A bi ara wa léèrè pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ ti dákẹ́, ṣé iná ni kò tó ni, àbí omi ilẹ̀ ni ó fà sẹ́yìn? Kò sí ẹni tí ó lè fèsì, nítorí pé kò sí ohun tí ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó yé mi pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni tí ń darí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí? Kí ni ó yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀? Kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn?

Kí á tó dé orí àká, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí a ń wọ̀n tàbí tí a ń ṣọ́ ni à ń pè ní ojú àmì. Ojú àmì kan lè jẹ́ gíga omi nínú táńkì, òmíràn lè jẹ́ bóyá súwíìṣì kan ṣí tàbí ó pa dé. Lábẹ́ ojú àmì kọ̀ọ̀kan, a kì í kọ iye nìkan. A ó kọ orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, ibi tí wáyà rẹ̀ ti wọlé, òṣùwọ̀n tí a fi ń kà á, ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá lókè àti nísàlẹ̀, iye tí ó jẹ́ báyìí, àkókò tí a ka iye náà, àti bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, iná kékeré tí ó wà láàárín mílíáńpíà 4 àti 20 ni ẹ̀rọ òṣùwọ̀n fi ń ránṣẹ́. Bí táńkì bá ṣófo, yóò rán 4. Bí ó bá kún, yóò rán 20. Bí ó bá dé ìdajì, 12 ni. Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ìdí ni pé bí wáyà bá já, òdo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí òdo bá túmọ̀ sí pé táńkì ṣófo, a kò ní lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìránṣẹ́ tí ó sọ pé omi kò sí àti ìránṣẹ́ tí ó ti kú sọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò rí i pé dídákẹ́ àti sísọ pé “rárá” kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn tí wọ́n ṣe ìlànà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo àká mẹ́rin tí a sábà máa ń rí. Èkíní ni àká ìsinsìnyí. Inú iyè kọ̀ǹpútà gan-an ni ó wà, kí ọwọ́ lè tètè tó o. Bí iye tuntun bá dé, yóò bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Èkejì ni àká ètò, tí ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀: orúkọ, òṣùwọ̀n, ààlà, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti yí wọn padà. Èyí kì í yí lójoojúmọ́, nítorí náà a lè tò ó sí tábìlì tí ó ní ìlà àti òpó, tí tábìlì kan ń tọ́ka sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí E. F. Codd ti là á sílẹ̀ ní ọdún 1970. Ẹ̀kẹta ni àká ìtàn, níbi tí a ń kó ohun tí ó ti kọjá sí. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ìkìlọ̀, tí ó ń kọ gbogbo ìgbà tí ohun kan bá kọjá ààlà, àti gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe.

Kí ló dé tí a kò fi da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ojú àmì bá jẹ́ 10,000, tí a ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 2-2, iye 5,000 ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó di 432,000,000. Bí a bá ní kí àká tí ń tọ́jú ìtàn ọdún mẹ́wàá tún máa dá olùdarí lóhùn lójú ẹsẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fún ìdí èyí, àká ìtàn kì í kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́. Bí iye kan kò bá yí kọjá ìwọ̀n tí a fún un, kò ní kọ ọ́, bí ọdẹ òru tí kì í lu agogo nítorí pé ewé mì. Síbẹ̀, ìwọ̀n náà gba ọgbọ́n. Bí ó bá kéré jù, àká yóò kún. Bí ó bá tóbi jù, àìsàn tí ń yọ́ wọ inú ẹ̀rọ kò ní hàn nínú ìtàn.

Ọ̀rọ̀ wa tó láti kúrò nídìí táńkì. Ní Ayọ̀bọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ wa yìí kan náà, ni ibùdó iná ńlá tí à ń pè ní Ìkẹjà West wà. Wáyà kílófólítì 330 so ó pọ̀ mọ́ Òṣogbo, mọ́ Ẹ̀gbìn, ó sì tún so ó mọ́ Sàkẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Òṣogbo ni ibùdó ìdarí àgbà fún iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà. Níbi tí a bá ti ṣètò irú iṣẹ́ yìí tán, ibùdó kọ̀ọ̀kan ní àká kékeré tirẹ̀, tí ó ń ka àwọn ojú àmì àdúgbò rẹ̀; ibùdó àgbà sì ń bi wọ́n léèrè yípo, tàbí kí àwọn fúnra wọn kígbe bí ohun kan bá yí padà. Bí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ bá já, ti àdúgbò kò ní gbàgbé. Yóò fi ohun tí ó kọ ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá là. Aago gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, nítorí pé nígbà tí iná bá lọ, súwíìṣì púpọ̀ ni yóò já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí kò mọ èyí tí ó kọ́kọ́ já kò lè mọ ohun tí ó fa ìparun.

Ní ilẹ̀ wa, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹlifóònù àti rédíò ni àwọn tí ó wà ní Òṣogbo fi ń gba iye láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ní wákàtí-wákàtí. Iṣẹ́ takuntakun ni, ṣùgbọ́n wákàtí kan gùn ju ohun tí iná mànàmáná ń dúró dè lọ. Ní ọdún 2024, léraléra ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àìtó ìsọfúnni nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran kò lè tètè yà fún kòtò.

Ibi tí iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti kan ọ̀rọ̀ yìí nìyí: orúkọ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìṣẹ̀rí tiwa wà ní Alímòṣọ́. Ìṣẹ̀rí mìíràn wà lẹ́bàá odò Ògùn, ní ọ̀nà Ìbàdàn. Lẹ́tà tèmi ti ṣìnà lọ sí ọ̀hún rí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ wo Ìkẹjà West pàápàá, Ayọ̀bọ̀ ni ó wà, kò sí ní Ìkẹjà. Bí ẹnì kan bá kọ “Ìṣẹ̀rí” lásán sínú àká, tí òṣìṣẹ́ kan sì wà lórí òpó ní Ìṣẹ̀rí kan, tí olùdarí wá tan ti èkejì, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. Nítorí náà ni a fi ń hun orúkọ ojú àmì ní ìpele-ìpele: ibùdó, wáyà, ẹ̀rọ, ohun tí a ń wọ̀n; orúkọ kan fún ohun kan, kò gbọdọ̀ sí ìbejì. Fún ìdí kan náà, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ gun òpó, a ó so páálí ìkìlọ̀ mọ́ súwíìṣì náà, a ó sì so irú rẹ̀ mọ́ ojú àmì nínú àká. Títí a ó fi tú u, kọ̀ǹpútà kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tan súwíìṣì náà.

Ewu mìíràn ni iye tí ó ti kú, tí ó sì ń ṣe bí ẹni tí ó wà láàyè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, apá tí ń ṣe ìkìlọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ iná kan dákẹ́ ní ọ̀sán. Kò sí ohun tí ó sọ fún àwọn olùdarí pé ó ti dákẹ́. Fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan, wọ́n rò pé àlàáfíà ni, nígbà tí wáyà ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ó wà láìníná. Ìdàkejì rẹ̀ náà léwu. Ní ilé ìfọpo kan ní Milford Haven, ní ilẹ̀ Wales, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1994, ìkìlọ̀ 275 ni ó dé bá olùdarí méjì láàárín ìṣẹ́jú 11 tí ó ṣáájú ìbúgbàù. Ta ni yóò ka a tán? Àká tí ń pariwo lórí ohun gbogbo kò sàn ju èyí tí kò sọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a pín ìkìlọ̀ sí ipò: èyí tí a ó gbọ́ lójú ẹsẹ̀, èyí tí ó lè dúró, àti èyí tí a kàn ń kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, n kò sọ èyí kí ẹ lè sọ gbogbo ọmọ di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ mú wọn lọ sídìí táńkì ilé-ìwé. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun mẹ́wàá tí ó yẹ kí á ṣọ́ níbẹ̀ lórúkọ, kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n àti ààlà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ bí a ó ṣe mọ̀ bí òṣùwọ̀n náà bá ń purọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́. Ọmọ tí ó bá lè ṣe èyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ẹni tí ń darí ẹ̀rọ. Bí ó bá sì wá jókòó sí Òṣogbo lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó wà lórí òpó ní Ìṣẹ̀rí, èyíkéyìí nínú méjèèjì, yóò sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, yóò sì padà sílé.

Ibi tí a ó ti dánu dúró lónìí nìyí. Ó dìgbà kan ná o.