Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé áàsù Peugeot 504 kan lè rọ́pò òmíràn?

Ilé-iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní ọdún 1975, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo áàsù ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá ara wọn mu.

1. Áàsù ẹ̀yìn ni irin ìdí ọkọ̀ tó ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ gíà, tó sì ń pín in fún táyà méjèèjì. Ti wágọ́ọ̀nù jẹ́ irin líle kan láti táyà dé táyà, nígbà tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ sàlúùnù, táyà kọ̀ọ̀kan ń gbéra lọ́tọ̀ bó bá bọ́ sí kòtò. Nítorí náà, wágọ́ọ̀nù ni kí a fi ti wágọ́ọ̀nù sí.

2. Kí ẹni tó ń ra àlòkù ní ọjà Panteka ní Kàdúná tó sanwó, ó yẹ kó fi ẹfun sàmì sí ibi tí agbára gíà ń gbà wọlé, kó yí ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì papọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó ka iye ìgbà tí àmì náà yí, kó sì fi wé ti áàsù àtijọ́. Bí iye náà bá yàtọ̀, aago tó ń ka eré ọkọ̀ yóò máa purọ́, torí pé ara gíà ló ti ń gba ìròyìn.

3. Kó da ọ́ìlì áàsù náà sínú abọ́ funfun: bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú rẹ̀, eyín inú áàsù náà ti ń jẹ.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ṣì ń tọ́jú 504.