Àtẹ̀gùn Mọ́tò Tí Ń Yọ̀

 

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àwa fẹ́ wẹ̀yìn wò lónìí ni irin gbọọrọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, lábẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tí èrò ń tẹ̀ kí ó tó wọlé. Nǹkan kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn òjò òru, àwa wà ní gáréèjì ní Ìta-Ògbólú, a ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Àkúrẹ́. Ìyá àgbà kan tí ń ta epo pupa fẹ́ wọ ọkọ̀ ṣáájú wa. Ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀, ọmọ mọ́tò sì ń kígbe pé, "Màmá, ẹ ṣe kíá!" Bí ìyá ti gbé ẹsẹ̀ lé irin náà, ẹsẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó sì fi ìbàdí lélẹ̀. Ẹnìkan ní ayé ni ó ṣe é. Ẹlòmíràn ní àgbà ti dé sí i. Àwa bẹ̀rẹ̀, a fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà: ó ń dán, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ìyá tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí oko títí di àná ọjọ́ náà, ọ̀pá ni ó fi ń rìn lónìí.

Àwọn tí ń ṣe mọ́tò ti mọ ọ̀ràn yìí tipẹ́. Ara àwọn mọ́tò àtijọ́ ga sí ilẹ̀, bí Ford Model T tí a ṣe láti 1908 títí di 1927, nítorí náà ni wọ́n fi ní àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a wá ń ṣe ara mọ́tò kí ó súnmọ́ ilẹ̀, àtẹ̀gùn kúrò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí a ń tò pọ̀ ní Èkó láti 1975, kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí a fi ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò ní 2003. Ẹni tí ó bá gun Ìjàpá rí yóò rántí pé rọ́bà onílà-ìlà ni a fi bo àtẹ̀gùn rẹ̀. Lónìí, mọ́tò gíga tún pọ̀ ní ìgboro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ra irin dídán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹwà, wọn kò sì ro ti ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ó ń mú irin yọ̀? Bí omi, epo tàbí ẹrẹ̀ bá dúró láàárín bàtà àti irin dídán, bàtà kò kan irin mọ́. Orí omi ni ó wà. Nítorí èyí ni táyà fi ní ojú ìlà, kí omi lè rí ọ̀nà sá lọ. Awakọ̀ tí kò jẹ́ fi táyà tí ó ti pá rìn nínú òjò, èéṣe tí ó fi ń jẹ́ kí èrò tẹ irin tí ó pá?

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ epo kúrò, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí ó ti dógùn-ún, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí a kun ọ̀dà irin, kí a wọ́n yanrìn odò tí a ti fọ̀, tí a sá, tí a sì jọ̀, sí orí ọ̀dà náà nígbà tí ó tutù. Bí ó bá gbẹ, kí a gbá yanrìn tí kò lẹ̀ kúrò, kí a sì kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá lówó díẹ̀ sí i lè ra téèpù oníyanrìn tí ń lẹ̀ mọ́ irin. Kí ó gé igun rẹ̀ roboto kí ó má baà ká sókè. Ẹlòmíràn lè gé rọ́bà táyà àlòkù, kí ó fi bóòtù dè é pinpin, nítorí rọ́bà tí kò dúró sójú kan burú ju irin lásán lọ. Kí a má ṣe dí ihò tí omi ń gbà jáde, kí irin má baà jẹ lábẹ́. Ìlà ọ̀dà funfun ní etí rẹ̀ yóò ran ojú àgbà lọ́wọ́ ní ìdájí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí èrò máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Òótọ́ ni, kí ọmọ mọ́tò pàápàá má sì ṣe rò pé yanrìn àti ọ̀dà fún un láṣẹ láti so rọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru igbá epo kò lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti 1988 ni ìjọba ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, síbẹ̀ kò yẹ kí a dúró de ẹ̀ṣọ́ kí a tó ṣàánú ìyá wa.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ní ọ̀la kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún èrò, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àtẹ̀gùn yín. Bí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ yín, yóò yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn.