Àkísà Àgbà: Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ fún Ọmọ-Ọmọ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Àwọn Yorùbá a máa pa á ní òwe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí a sábà máa ń fi òwe yìí sọ ni pé ìrírí kì í ṣe ohun tí a lè rà lọ́jà. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tí ó hàn gbangba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọbi ara sí. Kí a tó fi àkísà ṣe àpèjúwe ìrírí, àkísà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun ìní. Ìyá àgbà tí àkísà kún inú àpótí rẹ̀ ní ohun tí yóò fi ṣe ìlédìí, ọ̀já, ìrọ̀rí àti ẹ̀wù fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí, bí a ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àti àríyànjiyàn tí ó bá a lóde òní, ni àlàyé yìí dá lé lórí.

Ìlú méje ni a mọ̀ mọ́ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgángán. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ wọn wà mú kí aṣọ wọ́pọ̀ láàrin wọn. Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, wà ní ìhà àríwá wọn. Abẹ́òkúta, ìlú aládìrẹ, sì wà ní ìhà gúúsù. Láti Ìsẹ́yìn ni etù, sányán àti àlàárì ti ń wá. Láti Abẹ́òkúta ni àdìrẹ ti ń wá. Ní àtijọ́, kíjìpá tún wà, aṣọ tí àwọn obìnrin máa ń hun nínú ilé lórí òfì tí a gbé nàró lára ògiri. Kíjìpá nípọn, ó fẹ̀, kì í sì í tètè gbó. Nígbà tí irú àwọn aṣọ báyìí bá ti ṣe ọdẹ ọdún púpọ̀ lára ẹni tí ó ni wọ́n, wọn a wọ inú àpótí lọ láti dúró de ọmọ tí a kò tíì bí.

Aṣọ kì í gbó dọ́gba. Ìró obìnrin a kọ́kọ́ máa gbó ní ibi tí ó fi ń jókòó àti ní etí tí ó ń kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí a ń ká sí abẹ́ kì í rí ìyà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ìyá àgbà ṣe máa ń kọ́kọ́ na aṣọ sí ojú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ kò ní agbára mọ́. Ibi tí ó bá ṣú ni a lè lò. Lẹ́yìn èyí, yóò fi abẹ dá etí aṣọ náà díẹ̀, yóò sì fà á ya. Bí aṣọ kò bá nípọn jù, yíya dára ju gígé lọ, nítorí pé aṣọ tí a ya a máa tọ ojú òwú lọ tààrà, kì í wọ́. Ara ènìyàn náà ni ọ̀pá ìwọ̀n: láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka àárín ni a ń pè ní ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ìlédìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Aṣọ tuntun kì í tètè fa omi, nítorí nǹkan líle bí ògì tí ilé iṣẹ́ fi ń mú un dán. Aṣọ tí a ti ń fọ̀ láti ọdún pípẹ́ ti rọ̀. Omi ń tètè wọ inú òwú rẹ̀, kì í sì í họ ara ọmọ. Àìlera aṣọ di àǹfààní níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀já yàtọ̀ sí èyí. Ibi tí ó lágbára jù lọ lára aṣọ ni a gbọ́dọ̀ lò, nítorí pé ọmọ ni yóò gbé ró. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ìyá ká, kí ó sì ku èyí tí a ó fi ta kókó. Ìyá àgbà a ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po méjì, a sì rán etí rẹ̀ kí ojú abẹ́rẹ́ súnmọ́ ara wọn, kí ó lè jẹ́ pé bí òwú kan bá já, àwọn yòókù yóò dì í mú.

Ní Igbó-Ọrà, iṣẹ́ yìí sábà máa ń di ìlọ́po méjì, nítorí ìbejì. Oníṣègùn tí ń jẹ́ Patrick Nylander ṣe ìwádìí láàrin ọdún 1972 sí 1982 nípa ìbejì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó rí i pé nínú 1,000 ìbí, ìbejì a máa tó 45 sí 50. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 10 ni. Òkìkí Igbó-Ọrà nípa èyí kàn dé ibi pé láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀, tí Táyéwò àti Kẹ́hìndé ń jáde nínú aṣọ kan náà.

Àṣà ni pé ohun tí a bá fún Táyéwò ni a ó fún Kẹ́hìndé. Ẹni tí ń ránṣọ ní láti mọ bí yóò ti mú àṣà náà ṣẹ. Ìyá àgbà a ṣẹ́ aṣọ po sí méjì kí ó tó gé e, kí ìgé kan ṣoṣo lè mú ẹ̀wù méjì jáde. A fi díẹ̀ pamọ́ sínú etí aṣọ, kí a lè tú u nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà sí i. Kò sì ní da ìrépé nù. Bí ẹ̀wù ọ̀kan bá ya, láti ara aṣọ náà gan-an ni a ó ti lẹ̀ ẹ́, kí èkejì má baà yàtọ̀.

Kì í ṣe ayọ̀ nìkan ni aṣọ ìbejì ń gbé. Ní àtijọ́, ikú ọmọdé wọ́pọ̀, ìbejì tí wọ́n sì sábà máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn wà lára àwọn tí ó ń tètè mú lọ. Bí ọ̀kan bá kú, a ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, a ó sì ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn kùn ún lára, a máa bọ́ ọ, a sì máa wọ aṣọ fún un. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni pé irú aṣọ tí a bá dá fún èyí tí ó wà láàyè ni a ń dá fún ère. Ìgé kan náà ṣì ń mú ẹ̀wù méjì jáde, bí ọ̀kan tilẹ̀ kéré púpọ̀ sí èkejì.

Nígbà tí fọ́tò dé, èrò yìí bá a wọlé. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí àwọn onífọ́tò ìlú Ìlá Ọ̀ràngún ṣe máa ń ya ọmọ tí ó ṣẹ́kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọn a sì so àwòrán méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì jókòó ti ara wọn. Bí ọmọ tí ó kú bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tí ó kù sì jẹ́ obìnrin, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún un ní ìgbà kejì. Aṣọ ni yóò sọ ẹni tí ó jókòó. Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera láàrin àwọn ará Ìbàràpá láti ọdún 1963. Abẹ́rẹ́ mìíràn, èyí tí ó jẹ́ ti àjẹsára, ti bá abẹ́rẹ́ ìyá àgbà dá ọmọ sí. Ère ìbejì kò wọ́pọ̀ mọ́, ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì sì ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ìgé kan fún ẹ̀wù méjì kò parẹ́.

Ìrépé tí kò bá tó ẹ̀wù ní iṣẹ́ tirẹ̀. A lè fi ká òṣùká fún ọmọ tí ń lọ pọn omi. A lè fi rán àpò ìrọ̀rí, kí a sì ki òwú àràbà sí i nínú. Ọmọbìnrin a fi ìrépé pọn ọmọlangidi rẹ̀, tàbí ṣúùkù àgbàdo lásán, a sì ti ibẹ̀ mọ bí a ti ń ta kókó ọ̀já kí ó tó di ìyá ọmọ. Nígbà tí ojú ìyá àgbà kò bá ríran dáadáa mọ́, ọmọ-ọmọ ni yóò máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un. Ibi tí ó bá jókòó sí náà ni yóò ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin kí a rán aṣọ, kí a lẹ̀ ẹ́, kí a tú u, àti kí a ṣẹ́ etí rẹ̀. Yóò tún gbọ́ ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ aṣọ náà.

Àríyànjiyàn wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lórí ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Ìyá àgbà láti Èrúwà lè di ẹrù lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kí ó sì rí i pé a kò tú ẹrù àkísà náà rárá. Ìyá ọmọ ní ìdí méjì. Èkínní ni ìtìjú: ta ni yóò fi àkísà tọ́ ọmọ nígbà tí ìlédìí alálòsọnù wà lọ́jà? Èkejì ni ìmọ́tótó. Nípa ti ìtìjú, ó yẹ kí a rántí pé òkìríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fún ọmọ wọn jẹ́ aṣọ àlòkù ẹni tí a kò mọ̀ rí. Bí a bá gba ti àjèjì, kò yẹ kí a kọ ti ìyá ẹni.

Ṣùgbọ́n nípa ìmọ́tótó, ìyá ọmọ ní ẹjọ́ rere, ó sì yẹ kí àgbà gbọ́. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń yé ẹyin sára aṣọ tutù tí a sá síta. Bí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ a wọ inú ara ọmọ, a sì wú bí oówo. Ohun tí ń pa ẹyin náà ni áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tí a fi lọ aṣọ ní inú àti ní òde. Kò tún yẹ kí a fi àkísà di ìwọ́ ọmọ tuntun, nítorí pé kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Okùn tí a rán mọ́ ẹ̀wù sì dára fún ọmọ ọwọ́ ju bọ́tìnnì lọ, nítorí pé bọ́tìnnì tí ó bá já lè há ọmọ lọ́fun. Bí ìyá àgbà bá gba ìwọ̀nyí, kò sí ohun tí ó sọnù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ojúṣe olùkọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ti ní àyè nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, aṣọ rírán wà lára iṣẹ́ 34 tí a là sílẹ̀ nígbà náà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń retí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan, òwú díẹ̀ àti ìró àtijọ́ kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ìrépé kan wá láti ilé, kí ó kọ orúkọ aṣọ náà sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà lò nígbà tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń rán an. Olùkọ́ èdè Yorùbá àti olùkọ́ ìtọ́jú ilé lè jọ ṣe iṣẹ́ yìí ní kíláàsì kan.

Ó sì yẹ kí a tètè ṣe é. Àwọn tí wọ́n mọ kíjìpá yàtọ̀ sí aṣọ mìíràn nípa fífi ọwọ́ kàn án ń dínkù. Àpótí wọn ṣì wà ní Igbó-Ọrà, ní Tápà àti ní Ayétẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni àpótí bá lọ láìsí ẹni tí ó bi í léèrè, ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí aṣọ gbígbó lásán, yóò sì dáná sun ún.