Ohun Tí Fóònù Màmá Mi Kò Lè Kà

Ní ọdún 2022 ni ìyá àgbà wa, ìyá tó bí màmá mi, papò dà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé wọn, ibẹ̀ náà ni a sì sin wọ́n sí. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn wà káàkiri: àwọn kan ní Èkó, àwọn kan ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí pé èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn àti oríkì wọn. Àbúrò mi kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ní òun yóò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo wa lè kà á níbikíbi tí a bá wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ṣe é. Lórí láptọ́ọ̀pù mi ní Ìbàdàn, lábẹ́ fáànù, ojú ewé náà rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwòrán màmá nínú aṣọ òfì gba gbogbo ojú ewé. Fídíò ọjọ́ ìbí wọn ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú tò sórí àwòrán náà, gbogbo àmì ohùn sì pé pérépéré. Mo ní iṣẹ́ ti parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn atẹ̀wé tí a gbé ìwé ètò fún kò tíì dé. Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ni yóò ka ìtàn àti oríkì náà. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni bàbá ń lò ní tiwọn, kò sì lè ṣí ojú ewé náà rárá. Màmá mi bá fún wọn ní fóònù tirẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán láti igun kan dé èkejì. Oòrùn ti mú. Ojú ewé náà pẹ́ kó tó ṣí, nítorí fídíò ń jẹ dátà lọ. Nígbà tó ṣí tán, bàbá gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà, lẹ́tà eérú kò hàn nínú ìtànṣán oòrùn. Wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́, ìparí ìlà ọ̀rọ̀ sì sá kúrò lójú fóònù. Níbi tó yẹ kí oríkì ti bẹ̀rẹ̀, àpótí kéékèèké ló jókòó sáàrin àwọn lẹ́tà. Bàbá ka ọ̀rọ̀ méjì, wọ́n dúró. Wọ́n tún gbìyànjú. Fóònù náà ṣókùnkùn.

Gbogbo èrò dákẹ́. Ìyá arúgbó kan, ọ̀rẹ́ olóògbé, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti orí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kó wa yọ.

Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí lọ́jọ́ náà. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, màmá mi ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: “Mo mọ̀ pé o kọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo kọ ọ́ fún.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Òótọ́ ni màmá mi sọ. Èmi ni mo kọ ọ́ fún: èmi tó jókòó níwájú láptọ́ọ̀pù ojú gbàràmù, nínú ilé tó ní iná, tí dátà kò wọ́n, tí ojú rẹ̀ ṣì mú. Mo gbàgbé pé ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni fóònù náà kò dọ́gba. Nínú ẹbí kan ṣoṣo, a ní fóònù ńlá tó jáde lọ́dún tó kọjá, fóònù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n fi ta àbúrò lọ́rẹ, fóònù tó sán lójú, àti fóònù tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ ju ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti rédíò lọ.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ojú kọ̀ǹpútà ńlá ni gbogbo ayé fi ń díwọ̀n ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iPhone jáde ní ọdún 2007, tí àwọn fóònù olójú gbẹrẹgẹdẹ mìíràn sì tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé méjì: ojú ewé kan fún kọ̀ǹpútà, òmíràn fún fóònù. Ṣùgbọ́n irú fóònù kò yéé pọ̀ sí i. Ta ni yóò kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Ethan Marcotte, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe àgbékalẹ̀ ojú ewé, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ A List Apart. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a yéé kọ́ ilé púpọ̀. Kí ojú ewé jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó lè nà, kí ó sì lè sún kì. Ohun mẹ́ta ló fi gbé e kalẹ̀: kí a má fi ìwọ̀n tí kò yí padà pín ojú ewé, kí àwòrán lè fẹ̀ tàbí kí ó sún kì bí àyè bá ṣe rí, kí ojú ewé sì lè bi ẹ̀rọ léèrè bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kó tó tò sílẹ̀.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún Bàbá Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kan. Ahunṣọ òfì ni wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ohun tí à ń ṣe láti ayébáyé náà nìyẹn,” ni wọ́n wí. “O rí wa kí á hun aṣọ fífẹ̀ rí?” Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo òfì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ náà ń jáde lórí òfì. Lẹ́yìn náà ni a ó gé e, tí a ó rán an pọ̀. Bí ó bá jẹ́ fìlà, ìwọ̀nba ni. Bí ó bá jẹ́ agbádá, a ó tò ó lọ bẹẹrẹ. Fọ́nrán kan náà ni, ara tí yóò wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀. Ojú ewé tó mọ́yán lórí náà rí bẹ́ẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ìpín rẹ̀ ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú fóònù, wọ́n ń tò sábẹ́ ara wọn.

Ẹni tó di fóònù mú, níbo ló wà?

Síbẹ̀, bí ojú ewé wa bá tilẹ̀ mọ bí ó ṣe ń sún kì lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ìdajì ìṣòro ni ìyẹn ìbá yanjú. Oòrùn wà níbẹ̀. Dátà tó ń tán wà níbẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà tó ń gbọ̀n nítorí ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà tí ènìyàn ń fi sùúrù lò lórí ibùsùn ní alẹ́ ni yóò fi ìkánjú lò nínú dánfó ní òwúrọ̀, tí ọwọ́ kan di irin mú, tí ọwọ́ kejì ń wá nọ́ńbà àkántì. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ipò ẹni tó ń lò ó ló yí padà.

Àwọn tó ṣe fóònù Nokia 1100, èyí tó jáde ní ọdún 2003, ro èyí dáadáa. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí i nítorí ibi tí iná kò sí. Wọ́n bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má baà wọlé. Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tó bá làágùn. Kò ní kámẹ́rà, síbẹ̀ ó lé ní mílíọ̀nù 200 tí wọ́n tà. Ní ọdún 2015, Facebook pàápàá dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá fẹ́ lè fi wákàtí kan lo íntánẹ́ẹ̀tì tó falẹ̀ bí 2G, kí ó lè mọ ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn ń rí.

Nílé tiwa, ẹ wo àwọn nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a fi ń rajà káàdì tàbí tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì. Kò ní àwòrán, kò ní àwọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì lè ju lẹ́tà 182 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kò béèrè dátà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó ńlá. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọlọ́jà tí kò ní íméèlì fi lè gbowó lórí rẹ̀.

Ẹrù tó wà lórí èdè wa

Àwọn àpótí kéékèèké tó dá bàbá dúró ńkọ́? Èyí ló dùn mí jù, nítorí iṣẹ́ tèmi ni àmì ohùn.

Ètò kan wà tí à ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Ó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, kí ẹ̀rọ gbogbo lè dá wọn mọ̀. Lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “é” náà ní. Ṣùgbọ́n “ẹ́”, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún un. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú “ẹ”, kí ó sì gbé àmì ohùn gùn ún lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé, kò bá ní àmì náà, àpótí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí àbúrò mi yàn kò ní i. Láptọ́ọ̀pù mi yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, n kò sì mọ̀. Fóònù màmá mi kò rí ibi yá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Àyè lẹ́tà 160 ló wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àtòjọ tí àwọn tó dá GSM sílẹ̀ ṣe. “à”, “è”, “é”, “ì”, “ò” àti “ù” wà níbẹ̀. “ẹ”, “ọ”, “ṣ”, “á”, “í”, “ó” àti “ú” kò sí. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí bá wọlé, àyè 160 yóò di 70. Ẹ lè kọ “ìlù” kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ “ìlú”, àyè yín ti dínkù ju ìdajì lọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i ló ya ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ owó wọn.

Ohun tí a tún ṣe

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, èmi àti àbúrò mi tún iṣẹ́ náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí yóò lò ó. A gba fóònù màmá mi, a jáde sínú oòrùn ọ̀sán. A fi lẹ́tà dúdú sórí ojú funfun, a sì mú un tóbi. Ọ̀rọ̀ ń kọ́kọ́ jáde, àwòrán ń tẹ̀ lé e. Fídíò kì í bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. A pa fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tì, a wá èyí tó gba gbogbo àmì wa. Màmá mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí àga níwájú ilé. Kò sọ̀rọ̀; ó kàn nu ojú rẹ̀.

Ti Bàbá Ìsẹ́yìn ló kù. Fóònù tọ́ọ̀ṣì wọn kò lè ṣí ojú ewé náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ó gba mẹ́mọ́rì káàdì, ó sì ń kọrin. Mo wá ìyá arúgbó tó gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú lọ, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń ki ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì fi í sínú káàdì náà. Bàbá máa ń gbọ́ ọ nídìí òfì. Kò sí àmì kankan tó sọnù níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ lè má ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó orí fóònù, ẹ ń ṣètò owó aṣọ ẹbí, ẹ ń fi ètò ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ ránṣẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yá fóònù tó ti pẹ́ jù nínú ilé yín. Ẹ pa Wi-Fi. Ẹ jáde sí oòrùn, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí i.

Ẹ má fi lẹ́tà eérú sórí àwòrán. Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún ojú ewé, sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin lẹ́tà kékeré àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Ẹ jẹ́ kí ibi títẹ̀ tóbi tó ìka àgbàlagbà. Nǹkan bíi mìlímítà 9 ni ìmọ̀ràn Google fún àwọn tó ń ṣe nǹkan fún Android. Ẹ má fi àwòrán nìkan sọ ọjọ́, àkókò àti ibi ayẹyẹ. Ẹ tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú, kí ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó lè rí wọn kà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù náà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń kà á. Bí ó bá gbé e súnmọ́ ojú, tó tún gbé e jìnnà, iṣẹ́ kò tíì parí.